Apá Fèrèsé Ni Ọ̀tún

Ọkùnrin kan wà tí wọn kì í kí ní "ẹ káàárọ̀, sà" lásán. Òun ni Ọ̀gá Àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì tí yunifásítì ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́. Bí o bá pàdé rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì, o gbọ́dọ̀ dúró, kí o ki ìwé ọwọ́ rẹ bọ abíyá, kí o wá wí pé, "Ẹ káàárọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n, Olùkọ́ Àwọn Olùkọ́, Àtùpà Ìmọ̀." Bí o bá gbàgbé Àtùpà, yóò dúró gbagidi síwájú rẹ, yóò máa wo àjà, títí ìwọ yóò fi rántí. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ gbàgbé rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé kan. Ó di Ọjọ́bọ̀ kí wọ́n tó dá ìgbálẹ̀ rẹ̀ padà fún un.

Tìlùtìfọn ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, torí kò sí ohun kan láyé tó lè ṣe wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí inú bá ń run ún tó fẹ́ lọ ṣe gáa, ẹnì kan á sáré lọ ṣílẹ̀kùn, ẹnì kan á dúró ti ọ̀nà, akọ̀wé rẹ̀ á sì kọ ọ́ sínú ìwé pé, "Ọ̀gá Àgbà jáde fún iṣẹ́ pàtàkì." Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde ni akọ̀wé yìí gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀, àti ikọ́, àti ẹ̀rín. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìwé náà ṣì wà níbẹ̀.

Igbákejì rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà. Ọ̀mọ̀wé ni òun náà o, ó kàwé kàwé títí ojú rẹ̀ fi ń fẹ́ awò, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo ló fi ń jẹun. Bí Tìlùtìfọn bá ní òjò àná ti ilẹ̀ rọ̀ lọ sókè, Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Abẹ́ agbòòrùn mi ló kọ́kọ́ rin."

Nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà pé ogójì ọdún, wọ́n pinnu pé àwọn máa bọlá fún mẹ́ta nínú àwọn tó ti kàwé jáde níbẹ̀, àwọn tó ti dẹni ńlá. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́fà. Ìgbìmọ̀ náà ò jà, èyí tó yani lẹ́nu, torí àwọn olùkọ́ yunifásítì lè fi ọ̀sẹ̀ méjì jà lórí ibi tí ike omi yóò wà. Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, tí gbogbo wọn fọwọ́ sí, ni ti Tíṣà Kékeré.

Tíṣà Kékeré jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà nígbà tí ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ilé-ìwé àwọn ọmọdé kan wà nínú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, lẹ́bàá géètì, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dán iṣẹ́ olùkọ́ wò kí wọ́n tó gbàwé ẹ̀rí. Kíláàsì kìíní ilé-ìwé yìí ni Tíṣà Kékeré ti ń kọ́ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó máa sunkún á sunkún níbẹ̀. Á nu wọ́n lójú, á ní, "Ọmọdé ò bẹ̀rù ìwé ẹ̀rí ẹ o. Ohun tó ń wò ni bóyá o mọ orúkọ òun." Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, akẹ́kọ̀ọ́ náà á ti mọ orúkọ méjìlélógójì lórí.

Wọ́n gbé orúkọ náà lọ bá Tìlùtìfọn.

"Kí lèyí?"

"Orúkọ ni, sà," ni alága ìgbìmọ̀ wí.

"Mo mọ̀ pé orúkọ ni! Ṣé mo jọ ẹni tí kò mọ orúkọ? Ta ló ni ín?"

"Tíṣà Kékeré ni, sà. Ti kíláàsì kìíní."

Tìlùtìfọn yọ awò ojú rẹ̀. Bó bá ti yọ ọ́ báyìí, kí gbogbo ènìyàn mí sínú ni.

"Ẹ jẹ́ ká jọ rò ó bí ọ̀mọ̀wé. Ẹni tó gòkè la fẹ́ bọlá fún. Obìnrin yìí, kíláàsì wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Kíláàsì kìíní, sà."

"Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kíláàsì wo ló wà?"

"Kíláàsì... kìíní, sà."

"Ó fìdí rẹmi nígbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n nìyẹn!"

Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara tábìlì mú. Tìlùtìfọn fa gègé pupa yọ, ó fi ìlà gbọọrọ kan pa orúkọ náà rẹ́. Àyè wá ṣófo lókè ìwé. Ó gbójú sókè, ó ń wo àjà. Ìgbìmọ̀ ń wo ìwé. 

"Ẹ dárí jì mí, sà," ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà wí, "ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lẹ́nu. Ẹ̀yin alára, ṣebí kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí lẹ ti jáde?"

"Èmi? Rárá o. Ẹ má dán an wò. Ojú á tì mí."

Ojú náà tì í fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ló wá ń ka oyè rẹ̀ fún akọ̀wé, èyí tó gbọ́dọ̀ ṣáájú àti èyí tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, ó sì gba ìlà mẹ́ta gbáko. Adìyẹ funfun ò mọ ara ẹ̀ lágbà, àmọ́ kò sí adìyẹ kankan tó tíì fúnra ẹ̀ kọ orúkọ ẹ̀ sórí ìwé àwọn ẹni ọlá.

Àwọn méjì tó kù ni aṣòfin kan, tó ránṣẹ́ pé òun ò ní ráàyè wá ṣùgbọ́n òun máa fi fọ́tò òun ránṣẹ́, àti ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Onísìmẹ́ńtì, tó gbàwé ẹ̀rí olùkọ́ tán tó lọ ń ta sìmẹ́ńtì.

Ká ní ọ̀rọ̀ mọ níbẹ̀ ni, ǹ bá má yọ ara mi lẹ́nu. Ọlá tí wọn ò fún ẹni tó yẹ, ẹni náà á máa mí. Ṣùgbọ́n Tìlùtìfọn ní fọ́tò àwọn ẹni ọlá gbọ́dọ̀ ní gbọ̀ngán tiẹ̀, gbọ̀ngán náà sì gbọ́dọ̀ kọjú sí géètì, kó lè jẹ́ pé òun lẹni tó ń kọjá lọ á kọ́kọ́ rí. Yàrá kan ṣoṣo ló kọjú sí géètì. Kíláàsì kìíní ni.

Ó pàṣẹ. Ọjọ́ ayẹyẹ ni wọ́n máa kó àwọn ọmọ méjìlélógójì náà jáde, kí wọ́n há wọn mọ́ kíláàsì kejì àti ìkẹta, kí wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí àga ò bá tó. Tíṣà Kékeré ní tiẹ̀, wọ́n ní kó lọ máa ṣọ́ yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí.

Ó lọ bá a ní ọ́fíìsì. Ó dúró síwájú tábìlì tó ga tó àyà rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n."

Tìlùtìfọn ń wo àjà, ó ń retí Àtùpà. Àtùpà ò dé.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọmọ ọdún márùn-ún ni wọ́n. Oṣù kìíní wọn ní ilé-ìwé nìyí. Bí wọ́n bá há wọn mọ́ àwọn ọmọ tó ti mọ̀wé, wọ́n á kàn máa wò bọ̀ọ̀ ni. Ọmọ tó bá fi ọdún àkọ́kọ́ wò bọ̀ọ̀, ó lè fi gbogbo ayé ẹ̀ wò bọ̀ọ̀. Mo ti rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé fọ́tò yẹn lọ síbòmíì. Fọ́tò ò ní kọ̀."

"Màmá, kí lẹ ń kọ́ wọn gan-an? A, B, D! Ẹ ò ní sọ fún mi pé iṣẹ́ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni lè kọ́ ọmọdé."

"Ẹnikẹ́ni, sà?"

"Ẹnikẹ́ni!"

Ibẹ̀ ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ti fẹ́ fi kún oyin, ló bá da erùpẹ̀ sí i. "Sà! Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ tó máa kẹ́yìn nínú yàrá yẹn! Níwájú tẹlifíṣọ̀n, níwájú Màmá Alága! Olùkọ́ Àwọn Olùkọ́ rẹ ara ẹ̀ sílẹ̀, ó kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́, lẹ́yìn náà ló wá gé ríbọ́ọ̀nù!"

Omi lé sí Tìlùtìfọn lójú. Ó ti rí fọ́tò náà. Ìgbìmọ̀ Alákòóso yunifásítì, tí Màmá Alága jẹ́ olórí fún, ló máa pinnu ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e bóyá kó tún lo ọdún márùn-ún mìíràn lórí àga. Ta ló máa rí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ tí kò ní fi ọdún mẹ́wàá kún un?

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," ni Tíṣà Kékeré wí, "bí ẹ bá kọ́ wọn tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Màá kó ẹrù mi. Bí wọn ò bá wá mọ̀ ọ́n ńkọ́?"

Tìlùtìfọn fi ẹ̀yìn ti àga, ó rẹ́rìn-ín. "Bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, kí kíláàsì ẹ wà níbẹ̀ títí láé!"

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, àti ẹ̀rín.

Ohun tí Tìlùtìfọn kọ́kọ́ fẹ́ kọ́ wọn ni "Ìpìlẹ̀ Ìmọ̀ àti Ìrìn-àjò Ẹ̀dá Nínú Ayé Ọ̀làjú." Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ti fọwọ́ sí àṣẹ kan pé olùkọ́ tó bá yà kúrò nínú ìlànà iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ ìwé "wí tẹnu rẹ" sí i. Wọ́n ṣí ìlànà iṣẹ́ kíláàsì kìíní wò. Ohun tó wà fún ọ̀sẹ̀ náà ni: ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì.

"Ọ̀tún àti òsì!" Tìlùtìfọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. "Èmi tí mo ti fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì dúró sọ̀rọ̀ ní orílẹ̀-èdè mẹ́rin!"

Síbẹ̀, olùkọ́ àgbà mẹ́ta ló bá a kọ ìwé ètò ẹ̀kọ́ náà. Ojú ìwé mọ́kàndínlógún. Ojú ìwé kẹrin ni wọ́n ti sọ ohun tí ọwọ́ jẹ́. Àárọ̀ mẹ́ta ni Tìlùtìfọn fi dánra wò níwájú dígí ilé rẹ̀, ọkùnrin inú dígí náà ò sì ta kò ó rárá.

Ọjọ́ pé. Wọ́n to àwọn ọmọ síwájú, wọ́n to àlejò sẹ́yìn wọn, gbogbo wọn kọjú sí pátákó ìkọ̀wé. Àwọn olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, bí ọgbọ̀n, dúró ti ògiri ẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn wà lápá kan, fèrèsé wà lápá kejì. Màmá Alága jókòó láàárín, obìnrin arúgbó kan tó fi ogójì ọdún gbẹ̀bí. Ẹni tó bá ti fi ogójì ọdún gbẹ̀bí, kò sí ariwo ọkùnrin tó tún ń dẹ́rù bà á.

Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ló ka ìwé oríyìn. Wọn ò tíì kúrò níbi tí Tìlùtìfọn ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn nígbà tí ọmọ mẹ́ta sùn lọ. Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, ẹni ọlá dìde.

"Ẹ̀yin ènìyàn pàtàkì," ó bẹ̀rẹ̀, "ẹ̀yin tẹ́ ẹ pàtàkì ju àwọn yẹn lọ, àti ẹ̀yin yòókù. Lónìí, ìtàn wọ bàtà. Ìtàn gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé, ó bi mí pé, 'Ṣé ìwọ nìyí?' Mo sì dá a lóhùn pé, 'Èmi ni.'"

Àtẹ́wọ́ ró. Àwọn ọmọ mẹ́ta tó sùn ta jí, ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́kún.

Tìlùtìfọn mú ṣọ́ọ̀kì. Tíṣà Kékeré, tó jókòó sí igun ilé, na ọwọ́ sókè. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yí—"

"Màmá, ẹ sinmi. Ọjọ́ tiyín ti kọjá."

Ó kọjú sí àwọn ọmọ, àti sí kámẹ́rà. "Ẹ̀yin màjèṣín! Ọwọ́ jẹ́ ẹ̀yà ara kan tó so kọ́ òpin apá, èyí tí ẹ̀dá ń lò fún onírúurú ìgbòkègbodò. Ṣé ó yé yín?"

"Bàbá," ni ọmọ kan wí, "ṣé ẹ máa fún wa ní bisikíìtì?"

Tìlùtìfọn rẹ́rìn-ín fún kámẹ́rà, ó fo ojú ìwé mẹ́fà. "Èyí!" ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, òrùka ń dán lórí rẹ̀, "èyí ni ọwọ́ ọ̀tún! Gbogbo yín, ẹ ṣe bí mo ṣe ṣe!"

Dúró ná, ìwọ tí ò ń kà á. Dìde. Ní kí ẹnì kan kọjú sí ọ, kó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, kí ọmọ ọdún márùn-ún kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ṣe bíi tirẹ̀. Ọwọ́ wo lọmọ náà máa gbé? Òsì ni! Bíi dígí lọmọdé rí. Apá tó bá rí ọwọ́ rẹ ló máa gbé tiẹ̀ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti lo ọjọ́ kan péré lọ́dọ̀ Tíṣà Kékeré mọ̀ pé bí o bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní ọ̀tún àti òsì, ẹ̀yìn lo máa kọ sí i, kí ọ̀tún rẹ lè wà níbi tí ọ̀tún tiẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí kámẹ́rà? Tìlùtìfọn ti kọ ìwé méje nípa ọmọdé. Ó ti kàwé jáde kí wọ́n tó kọ́ ilé-ìwé ẹ̀bá géètì yìí, kò tíì kọ́ ọmọ kan ṣoṣo rí.

Fèrèsé wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọwọ́ òsì mọ́kànlélógójì dìde sí apá fèrèsé.

"Áà! Ẹ wò ó! Wọ́n mọ̀ ọ́n!" Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn, àwọn àlejò ń wo ara wọn.

Ọmọ kan ló ṣẹ́ kù. Ọmọbìnrin kan ni, eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká. Ó kọ́kọ́ fi ìka kọ nǹkan sínú afẹ́fẹ́ bí ẹni ń kọ orúkọ, ó wo ọwọ́ tó fi kọ ọ́, ó wá gbé ọwọ́ náà sókè. Apá ilẹ̀kùn ló wà, òun nìkan.

"Ìwọ! Ọwọ́ wo nìyẹn?"

"Ọ̀tún ni, sà."

"Òsì ni!"

"Òun ni mo fi ń kọ̀wé, sà."

"Wo ọwọ́ mi. Apá ibo ló wà?"

"Apá fèrèsé."

"Tìẹ ńkọ́?"

"Apá ilẹ̀kùn."

"Torí náà?"

Ọmọ náà rò ó. "Torí náà, ẹ yíjú padà, sà."

Ẹ̀rín bú lẹ́yìn. Ojú Tìlùtìfọn pọ́n. Ọkùnrin tó bá gbọ́n á ti yíjú padà níbẹ̀, àwa náà ì bá sì ti lọ ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti ń dá lóhùn "bẹ́ẹ̀ ni" láti ọdún márùn-ún, etí rẹ̀ kì í gbọ́ "rárá" mọ́, pàápàá láti ẹnu tí kò léyín.

"Kí gbogbo yín gbọ́!" ó kígbe. "Ẹ̀kọ́ náà kò le: apá fèrèsé ni ọ̀tún! Ẹ̀yin olùkọ́ mi, ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún yín sókè kí ọmọ yìí rí i!"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú rí. Ọgbọ̀n ọ̀mọ̀wé ló dúró ti ògiri yẹn. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó gboyè lórí ọpọlọ ọmọ ènìyàn. Gbogbo wọn kọjú sí Tìlùtìfọn, fèrèsé wà lọ́wọ́ òsì wọn. Wọ́n wo ọwọ́ ọ̀tún wọn bí ẹni pàdé ẹni tó jẹ lówó. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ló kọ́kọ́ gbé òsì sókè. "Ọ̀tún rèé, sà!" Ẹnì kejì gbé e. Ẹnì kẹta. Kí o tó ṣẹ́jú, ọgbọ̀n ọwọ́ òsì ti wà lókè, aago sì ń dán lọ́rùn ọwọ́ púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi júwe ìwé ẹ̀rí wọn lọ́jọ́ náà.

"Ẹ̀yin ńkọ́, ọ̀gá?" ni Tìlùtìfọn bi Onísìmẹ́ńtì.

Onísìmẹ́ńtì ti ki ọwọ́ méjèèjì sáàárín itan. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, mi ò gbé ìkankan. Èyí tí mo fi ń kówó ni mi ò fẹ́ ṣì mọ̀."

Ẹ fi ẹ̀rín sílẹ̀ díẹ̀, torí ibí ló ti ń dùn mí. Ọmọbìnrin náà yí ọrùn padà, ó wo àgbàlagbà ọgbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó jí i. Ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ó wá ń gbé ọwọ́ òsì lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Ohun tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn, ní ilé ẹ̀kọ́, lójú ọgbọ̀n olùkọ́. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà sì pàtẹ́wọ́.

Màmá Alága dìde.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kọjú sí pátákó."

"Mà?"

"Mo ní kẹ́ ẹ kọjú sí pátákó."

"Mà, kámẹ́rà—"

"Ṣé etí ń dùn ẹ́ ni? Yíjú!"

Ó yíjú.

"Ó dáa. Gbé ọwọ́ ọ̀tún ẹ sókè."

Ó gbé e. Ó wò ó. Apá ilẹ̀kùn ló wà. Ó yára sọ ọ́ kalẹ̀, ó gbé òsì, òun ló wà lápá fèrèsé. Ó wò ó, ó mọ̀ pé ọwọ́ yìí kọ́ lòun fi ń fọwọ́ sí ìwé. Ó sọ òun náà kalẹ̀. Òógùn bò ó. Ó tún gbé ọ̀tún, kò sọ ọ́ kalẹ̀, ó gbé òsì kún un. Ó wá dúró bẹ́ẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó kọjú sí ògiri, bí ẹni tí ọlọ́pàá ká mọ́ inú ilé onílé. Àwọn oníkámẹ́rà ò jẹ́ kí ìyẹn kọjá.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," ni Màmá Alága wí, "ṣé ìwọ lo yí ni, àbí fèrèsé?"

"Fèrèsé ni, mà!" ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà kígbe láti ẹ̀yìn.

Tíṣà Kékeré ti dìde. Kò lọ síwájú pátákó. Ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin náà ló kọ́kọ́ lọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ìyá mi, ọwọ́ wo lo fi kọ orúkọ ẹ lánàá?"

Ọmọ náà na ọ̀tún díẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn.

"Má wò wọ́n. Wọn ò sí níbẹ̀ nígbà tó o kọ ọ́."

Ló bá lọ síwájú, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo yàrá. Ẹnì kan mí kanlẹ̀: ó kọ ẹ̀yìn sí Màmá Alága! Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè.

"Ẹ wo ẹ̀yìn mi. Ọwọ́ tí mo gbé yìí, ẹ gbé tiyín. Ó dáa. Ẹ má sọ ọ́ kalẹ̀ o. Ẹ bá mi yí sí ilẹ̀kùn. Ṣé ọwọ́ yín ti yí padà?"

"Rárá, Tíṣà!"

"Ẹ yí sẹ́yìn. Ṣé ó ti di òsì?"

"Rárá!"

"Tẹ́ ẹ bá délé, tí ilé yín ò ní fèrèsé ńkọ́?"

"Ọ̀tún ṣì ni!"

Ọmọ méjìlélógójì ló dúró kọjú sí àlejò báyìí, ọwọ́ ọ̀tún wọn sókè gangan. Àwọn ọgbọ̀n ọ̀mọ̀wé wá ń sọ òsì kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi họ orí, wọ́n ń fi tún kọ́là ṣe, bí ẹni pé ohun tí wọ́n gbé e sókè fún tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

"Akọ̀wé," ni Màmá Alága wí, "mo gbọ́ pé ò ń kọ nǹkan sílẹ̀. Kí ni wọ́n sọ nípa kíláàsì yìí?"

Akọ̀wé ṣíwèé. Ó kà á: "'Bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, kí kíláàsì ẹ wà níbẹ̀ títí láé.' Lẹ́yìn èyí, Ọ̀gá Àgbà rẹ́rìn-ín."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Màmá Alága wí. "Ẹ gbé ríbọ́ọ̀nù yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kó má kọ́ àwọn ọmọ lẹ́sẹ̀."

Àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n gbẹ́ oyè Tìlùtìfọn sí lára, ìlà mẹ́ta, wà lórí tábìlì. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Onísìmẹ́ńtì ló dìde, ó gbé tiẹ̀ lọ fún Tíṣà Kékeré.

"Màmá, ẹ gba tèmi. Nígbà tí mo wá dánṣẹ́ wò, mi ò tíì lo ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ nínú kíláàsì yín tí mo fi pinnu pé bí mo bá gbàwé ẹ̀rí tán, sìmẹ́ńtì ni màá lọ tà. Ẹ̀rù àwọn ọmọ yìí ló sọ mí di olówó."

"Mo rántí ẹ," ni Tíṣà Kékeré wí. "Ẹ̀yìn pátákó lo sá sí. O ṣeun. Bá mi gbé e sórí tábìlì yẹn, aago mẹ́wàá ti lù, wọ́n fẹ́ lọ tọ̀."

Ó to àwọn ọmọ ní méjì-méjì, wọ́n gba àárín àwọn ènìyàn pàtàkì jáde.

Ní ọjọ́ kejì, fọ́tò Tìlùtìfọn tó kọjú sí ògiri tó gbọ́wọ́ méjèèjì sókè ló wà lójú ìwé kìíní ìwé ìròyìn. Kó tó di pé Ìgbìmọ̀ Alákòóso jókòó, ó ti kọ ìwé àlàyé olójú ìwé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ránṣẹ́ sí wọn, pé ọ̀tún kò dúró sójú kan, pé ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè méjì ti wí bẹ́ẹ̀. Ìlà méjì ni wọ́n fi dá a lóhùn: "A ti rí ìwé yín gbà. Bí ẹ bá ti ń jáde ní ọ́fíìsì, kọ́kọ́rọ́ náà, ẹ fi lé akọ̀wé lọ́wọ́." Ọ̀gá tuntun tí wọ́n fi sípò rẹ̀ jẹ́ obìnrin, "ẹ káàárọ̀" lásán sì ti tó o. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ti di Bẹ́ẹ̀-Ni-Mà. Irú wọn kì í kú. Ṣùgbọ́n àṣẹ tí obìnrin náà kọ́kọ́ pa ni pé gbogbo àwọn ọgbọ̀n náà máa lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní kíláàsì kìíní, kí wọ́n jókòó sórí àga àwọn ọmọ. Mo gbọ́ pé Bẹ́ẹ̀-Ni-Mà sunkún ní ọjọ́ kejì, torí ọmọ kan bi í pé, "Kí ni èrò tìẹ?"

Kápẹ́ńtà ti kan ìṣó méjìlá mọ́ ògiri kíláàsì náà sílẹ̀ de fọ́tò àwọn ẹni ọlá àti ti àwọn tí wọ́n á tún yàn lẹ́yìn wọn. Bí wọ́n bá fà wọ́n yọ, ògiri á ya, ni wọ́n bá fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn ọmọ ń fi báàgì ìwé wọn kọ́ ọ, mẹ́rin-mẹ́rin lórí ìṣó kan. Ìṣó tó tóbi jù, èyí tí wọ́n kàn sáàárín gbùngbùn de fọ́tò Tìlùtìfọn, ga ju ibi tí ọwọ́ ọmọ lè dé. Tíṣà Kékeré gun àga, ó fi àkísà tó fi ń nu pátákó kọ́ ọ.